Ìwé Orí Ẹ̀rọ àti Àdàkọ Aláìgbàṣẹ: Ìdí tí Àárín Òǹkàwé àti Atẹ̀wéjáde Kò Fi Gún

Ìfáárà

Ìwé tuntun kan lè jáde ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ̀dà rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lé lórí sì ti máa kiri lórí fóònù kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹnì kan yóò ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó já àgádágodo tí ó wà lára ẹ̀dà orí ẹ̀rọ. Yóò sọ ọ́ di PDF, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp tàbí Telegram. Àwọn atẹ̀wéjáde ń pe èyí ní olè. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ìmọ̀ ni wọ́n ń pín, ìmọ̀ kì í sì í tán lọ́wọ́ ẹni tí ó bá pín in.

Àlàyé yìí yẹ ẹ̀sùn ìhà méjèèjì wò, ó sọ ohun tí òfin Nàìjíríà wí lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi ibi tí ó ti kan ìwé Yorùbá hàn. Kókó rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ti yí ìtumọ̀ ríra ìwé padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó ti olùrà láti sọ ọ́ fún un. Láti inú ìyípadà yẹn ni ìfura ti wọlé: atẹ̀wéjáde ń fi àgádágodo dí ọ̀nà nítorí olè, òǹkàwé tí ó sanwó ń bínú nítorí àgádágodo, olè nìkan ni kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni àṣẹ tí òfin fún ẹni tí ó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ pé òun ni ó ni agbára láti dà á kọ, láti tẹ̀ ẹ́ jáde, láti túmọ̀ rẹ̀ àti láti pín in fún gbogbo ènìyàn. Òǹkọ̀wé ni ó sábà máa ń ni ẹ̀tọ́ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn ni ó ń gbé e, tàbí apá kan nínú rẹ̀, lé atẹ̀wéjáde lọ́wọ́. Atẹ̀wéjáde yàtọ̀ sí atẹ̀wé. Iṣẹ́ atẹ̀wé ni pé kí ó fi ẹ̀rọ tẹ ìwé tí wọ́n gbé wá fún un. Atẹ̀wéjáde ni ó ń yan ìwé, tí ó ń náwó sí i, tí ó ń ṣe àtúnṣe sí i, tí ó ń tà á, tí ó sì ń san owó ìpín fún òǹkọ̀wé.

Òfin tí a sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìyá àwọn òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ni èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1710, ní ayé Ọbabìnrin Anne. Ṣáájú àkókò yẹn, ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé àti òǹtàwé Lọ́ńdọ̀nù ni agbára wà. Òfin yìí fi òǹkọ̀wé sí ipò ẹni tí ó ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi gbèdéke sí ẹ̀tọ́ náà: ọdún 14 fún ìwé tuntun, pẹ̀lú ọdún 14 mìíràn bí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn èyí, ìwé di ti gbogbo ayé. Gbèdéke yìí ṣe pàtàkì. Ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin ti gbà pé ẹni méjì ni ó yẹ kí ó jẹ àǹfààní ìwé: ẹni tí ó ṣe é àti àwùjọ tí yóò kà á.

Àdàkọ aláìgbàṣẹ ni dídà iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ tàbí pínpín in láìgba àṣẹ, níbi tí òfin kò ti yọ̀ǹda rẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ti àwọn tí ń tẹ ìwé olówìwé ní bòńkẹ́lẹ́ tí wọ́n sì ń tà á fún èrè. Èkejì ni pínpín ẹ̀dà orí ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé èkíní nìkan ni ó lòdì sí òfin. Òfin kò wo bóyá ènìyàn jèrè kí ó tó pè é ní àìtọ́. Èrè lè mú kí ìjìyà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àìjèrè kò sọ àìgbàṣẹ di àṣẹ.

Kí ni à ń rà nígbà tí a bá ra ìwé orí ẹ̀rọ?

Ẹni tí ó bá ra ìwé alábala ti di oní-nǹkan. Ó lè yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lè fi í ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ó lè tà á fún àwọn tí ń ta ìwé àlòkù, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀. Atẹ̀wéjáde kò ní ohùn kankan nínú gbogbo èyí. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí lọ́wọ́ olùrà ni ẹ̀tọ́ àti dà á kọ.

Ti ìwé orí ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ka àdéhùn tí ó wà lábẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 'Rà á' sí, yóò rí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé àyè àti lò ó ni wọ́n tà fún un, wọn kò ta ìwé náà gan-an. Kò lè tà á fún ẹlòmíràn. Ó sì lè má rọrùn fún un láti yá ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ Yúróòpù dá ẹjọ́ kan lórí ilé-iṣẹ́ Tom Kabinet ti ilẹ̀ Netherlands, tí ó fẹ́ máa ta ìwé orí ẹ̀rọ àlòkù. Ilé-ẹjọ́ náà sọ pé òfin tí ó fi àyè sílẹ̀ fún títa ìwé alábala àlòkù kò kan ti orí ẹ̀rọ. Ìdí kan tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀dà orí ẹ̀rọ kì í gbó. Àlòkù rẹ̀ dára bákan náà pẹ̀lú tuntun, nítorí náà ó lè gba ọjà mọ́ tuntun lọ́wọ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó la ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú sí ìyàtọ̀ yìí wáyé ní oṣù Keje ọdún 2009. Ilé-iṣẹ́ Amazon rí i pé ẹnì kan tí kò ní ẹ̀tọ́ ni ó gbé ìwé George Orwell méjì, 1984 àti Animal Farm, sórí ọjà wọn ní Amẹ́ríkà. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti pa àwọn ìwé náà rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ Kindle àwọn tí ó ti rà wọ́n, wọ́n sì dá owó wọn padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lára wọn tí ìwé yìí jẹ́ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún. Àkọsílẹ̀ tí ó ti ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà kò wúlò mọ́. Jeff Bezos, olórí ilé-iṣẹ́ náà, tọrọ àforíjì ní gbangba. Ohun tí ó gbani lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀tọ́ àdàkọ ni Amazon ń gbèjà, síbẹ̀ kò sí òǹtàwé kankan tí ó lè wọ ilé oníbàárà rẹ̀ lóru láti kó ìwé tí ó ti tà.

Ní ọdún 2019 bákan náà, Microsoft ti ọjà ìwé orí ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Wọ́n dá owó padà, ṣùgbọ́n àwọn ìwé náà kò ṣeé ṣí mọ́. Ìwé alábala kì í kú pẹ̀lú ẹni tí ó tà á.

Ọdún 2000: àgádágodo àti ìgbẹ́kẹ̀lé

Kí Kindle tó dé ọjà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007 ni ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà náà, Stephen King, àti ilé-iṣẹ́ Simon & Schuster gbé ìtàn kan tí ó ń jẹ́ Riding the Bullet jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Àwọn tí ó béèrè fún un láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́ ju 400,000 lọ. Àgádágodo wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé ọjọ́ mélòó kan tí àwọn kan fi já a, tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri.

Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún kan náà, King gba ọ̀nà mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn kan, The Plant, jáde ní apá-apá fúnra rẹ̀. Kò fi àgádágodo kankan sí i. Ó ní kí ẹni tí ó bá gbà á san dọ́là 1, ó sì ṣèlérí pé òun yóò máa bá a lọ bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gbà á bá sanwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òǹkàwé sanwó bí ó ti fẹ́. Bí apá tí ó tẹ̀lé e ti ń jáde, àwọn tí ń sanwó ń dínkù. Kí ọdún tó parí, ó dá ìtàn náà dúró ní apá kẹfà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, ìhà kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Atẹ̀wéjáde máa ń rántí pé ìgbẹ́kẹ̀lé lásán kò tó láti bọ́ òǹkọ̀wé. Òǹkàwé máa ń rántí pé àgádágodo kò dá olè dúró. Òtítọ́ ni méjèèjì.

Ẹ̀sùn àwọn òǹkàwé

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni ti iye owó. Òǹkàwé ń béèrè ìdí tí ìwé tí kò ní bébà, tí kò sí ọkọ̀ tí ó gbé e, yóò fi wọ́n tó ti alábala. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó fún ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2010, iye owó ọ̀pọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ tuntun ní Amẹ́ríkà fò sókè láti dọ́là 9.99 sí dọ́là 12.99 àti 14.99. Ní ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà pe Apple àti àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ńlá márùn-ún lẹ́jọ́ pé wọ́n pàdé pọ̀ gbé owó lérí. Àwọn atẹ̀wéjáde náà yanjú tiwọn láìdé ìparí ẹjọ́. Apple jà, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2013, ọ̀rọ̀ náà sì parí ní 2016 nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó san dọ́là mílíọ̀nù 450. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní tètè gbà gbọ́ nígbà tí atẹ̀wéjáde bá ní iṣẹ́ nìkan ni òun ń díye lé.

Ẹ̀sùn kejì ni ti àìrí-rà. Ìwé mìíràn wà tí kò sí ẹ̀dà orí ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó bófin mu. Òmíràn wà, ṣùgbọ́n wọn kì í tà á fún ẹni tí ó ń gbé ní Nàìjíríà. Òmíràn wà fún títà, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń gbà, káàdì báńkì akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè san án. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì kò ní dúró de àtúntẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti àgádágodo fúnra rẹ̀. Ó lè má jẹ́ kí ìwé ṣí lórí fóònù tuntun, ó sì lè dí afọ́jú lọ́nà. Ní ọdún 2009, nígbà tí Kindle kejì dé pẹ̀lú ohùn tí ń ka ìwé sókè, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà takò ó pé kíkà sókè jẹ́ ẹ̀tọ́ mìíràn tí wọn kò tíì tà. Amazon gbà kí atẹ̀wéjáde máa pinnu ìwé tí ohùn náà lè kà. Àwọn tí ojú wọn kò ríran ni wọ́n jìyà ìpinnu yìí jù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sanwó bí ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀sùn àwọn atẹ̀wéjáde

Ìdáhùn àwọn atẹ̀wéjáde kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bébà àti ìtẹ̀ jẹ́ apá kan péré nínú ìnáwó. Kí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó délé olùrà, ẹnì kan ti ka ìwé àfọwọ́kọ, ẹlòmíràn ti ṣe àtúnṣe èdè rẹ̀, wọ́n ti to ojú ewé, wọ́n ti ya èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti polówó rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yìí ni ìwé orí ẹ̀rọ ń lò bí alábala ti ń lò ó. Owó ìpín òǹkọ̀wé sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń ta ìwé alábala. Ẹ̀dà tí a kò rà ni kò ní ìpín kankan nínú.

Wọ́n tún ní ìyára ẹ̀rọ ti yí olè padà. Fótókọ́pì ń gba owó àti àkókò. Ẹ̀dà rẹ̀ sì máa ń ṣú ju ìwé tí wọ́n dà á kọ láti inú rẹ̀ lọ. PDF kì í gbó, kò gba owó, ẹyọ kan sì lè di ẹgbẹ̀rún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àríyànjiyàn kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọgbọ́n gbé. Àwọn atẹ̀wéjáde kan máa ń ka ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọjà tí wọ́n pàdánù. Èyí kò lè jẹ́ òótọ́ délẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gba ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ kì bá tí rà á, òmíràn kì í tilẹ̀ ṣí i. Ṣùgbọ́n kò tọ̀nà kí òǹkàwé ti ibẹ̀ fò dé ibi pé kò sí àdánù kankan. Lára àwọn tí ó gbà á ni àwọn tí ì bá rà á wà. Fún ìwé tí ọjà rẹ̀ kéré, àwọn díẹ̀ yẹn gan-an ni ó ń pinnu bóyá wọn yóò tún un tẹ̀.

Ilé-ìkàwé láàrin àwọn méjèèjì

Láyé ìwé alábala, ilé-ìkàwé ni ó ń parí ìjà yìí. Ó ń rà, àwọn tí kò lówó sì ń yá. Ọ̀rọ̀ Internet Archive ti Amẹ́ríkà fi hàn bí ọ̀nà yẹn ti há lórí ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ yìí ń ya fọ́tò ìwé alábala tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń yá ènìyàn kan ní ẹ̀dà orí ẹ̀rọ fún ìwé alábala kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti àwọn ilé-ìkàwé pa, ó mú gbèdéke yìí kúrò fún nǹkan bí ìwé mílíọ̀nù 1.4. Ní oṣù Kẹfà, ilé-iṣẹ́ Hachette, HarperCollins, Penguin Random House àti Wiley pè é lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ dá àwọn atẹ̀wéjáde láre ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Wọ́n ní yíyá ẹ̀dà tí a fúnra ẹni ṣe láìgbàṣẹ, kódà ní ọ̀kan sí ọ̀kan, kò sí lára ohun tí òfin yọ̀ǹda.

Ohun tí ó ṣẹ́kù fún ilé-ìkàwé ni kí ó ra àyè ìlò láti ọwọ́ atẹ̀wéjáde. Àyè yìí sábà máa ń wọ́n, ó sì máa ń ní ọjọ́ tí yóò parí. Ilé-ìkàwé tí ó ra ìwé alábala lẹ́ẹ̀kan lè máa yá a fún ogún ọdún. Ẹni tí ó ra àyè ìlò lè ní láti tún un rà léraléra.

Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Òkèèrè ni àwọn ẹjọ́ tí a ti mẹ́nu bà ti wáyé, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ tí ó dojú kọ ọ̀rọ̀ kan náà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 ni wọ́n kọ́kọ́ lò níbí. Ìjọba ológun ṣe òmíràn ní 1970 àti 1988, àjọ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989. Èyí tí ó wà lójú iṣẹ́ báyìí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023.

Ohun mẹ́rin nínú rẹ̀ ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní, ẹ̀tọ́ àdàkọ ìwé wà fún gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé àti ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tí ó kú. Èkejì, jíjá àgádágodo tí wọ́n fi dáàbò bo ìwé orí ẹ̀rọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ni iṣẹ́ lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ láìgbàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀kẹrin, òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ìlò tí ó tọ́: ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, ẹ̀kọ́ àdáṣe, lámèyítọ́, àtúnyẹ̀wò àti ìròyìn. Bí àríyànjiyàn bá wà lórí irú ìlò bẹ́ẹ̀, ohun tí wọn yóò gbé yẹ̀ wò ni ìdí tí ènìyàn fi lò ó, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí apá tí ó mú ti pọ̀ tó àti bí ó ti ṣe pàtàkì tó nínú gbogbo ìwé náà, pẹ̀lú ohun tí ìlò náà lè ṣe sí ọjà rẹ̀.

Nípa báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fa gbólóhùn mélòó kan yọ nínú ìwé ìtàn àròsọ láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, tí ó sì dárúkọ òǹkọ̀wé, wà lábẹ́ ààbò òfin. Ẹni tí ó fi odidi ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì kò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Òfin tún fi àyè pàtàkì sílẹ̀ fún ṣíṣe ẹ̀dà tí àwọn afọ́jú lè lò, ní ìbámu pẹ̀lú àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní ìlú Marrakesh ní ọdún 2013.

Ìwé Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ó dára kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè lò láìbẹ̀rù. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kú ní 1891, Àlùfáà Samuel Johnson sì kú ní 1901. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti di ti gbogbo ayé, pẹ̀lú The History of the Yorubas tí ó jáde ní 1921. Ẹni tí ó bá pín ògbólógbòó ẹ̀dà wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bí kò bá ti kó ọ̀rọ̀ ìṣáájú tàbí àlàyé tuntun tí ẹlòmíràn kọ mọ́ ọn. Ti D. O. Fágúnwà yàtọ̀. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, èyí sì mú kí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti kúrò lábẹ́ òfin. Ọjọ́ ikú òǹkọ̀wé ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí ìwé. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Nípa bẹ́ẹ̀, ìparí ọdún 2033 ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ yóò pé.

Ọjà ìwé Yorùbá rọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni olùrà tí ó pọ̀ jù, pàápàá fún ìwé tí kì í ṣe ti ìdánwò WAEC: ìwé lórí fonọ́lọ́jì, lórí lámèyítọ́, lórí ewì alohùn. Nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó yẹ kí ó rà á ni ó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí olùrà mìíràn lẹ́yìn wọn. Atẹ̀wéjáde yóò wo ìṣirò rẹ̀, kò ní tún ìwé náà tẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ní ọjà mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ̀lé e kò ní ọ̀nà mìíràn ju PDF lọ. Báyìí ni olè ṣe ń bí àìrí-rà, tí àìrí-rà náà sì ń bí olè.

Ewu mìíràn wà tí ó jẹ́ ti èdè gan-an. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sọ fọ́tò ojú ewé di ọ̀rọ̀, àmì ohùn àti ìdí lẹ́tà ni ó kọ́kọ́ máa ń sọnù. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ ní Yorùbá lè sọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di 'oko' kan náà. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò tilẹ̀ ní àmì ẹyọ kan tí ó dúró fún wọn nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ńṣe ni wọ́n ń to àmì pọ̀ láti kọ wọ́n, ìtò náà sì máa ń tú nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fa oríkì tàbí ẹsẹ Ifá yọ láti inú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lè gbé àṣìṣe ẹ̀rọ wọ inú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì tún fa tirẹ̀ yọ. Owó tí ìwé tòótọ́ ń gbà ni ó ń san iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó ti àmì wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tí wọ́n ti gbìyànjú

Àwọn atẹ̀wéjáde kan ti dán an wò láti mú àgádágodo kúrò. Láti ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Baen ní Amẹ́ríkà ti ń ta ìwé orí ẹ̀rọ láìsí i. Ní ọdún 2012, Tor, tí ń tẹ ìwé ìtàn àròsọ ti sáyẹ́ǹsì jáde, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀ka rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn kò rí i kí olè pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn ìwé Harry Potter dé orí ẹ̀rọ ní 2012 bákan náà, àmì ìdánimọ̀ tí ó so ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tí ó rà á ni wọ́n fi sí i dípò àgádágodo. Olùrà lè ka ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó bá wù ú. Bí ó bá sọ ọ́ sí ìgboro, orúkọ rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀lé e.

Ní Nàìjíríà, Okechukwu Ofili dá OkadaBooks sílẹ̀ ní 2013. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ka ìwé ibẹ̀, náírà ni wọ́n fi ń rà á, òǹkọ̀wé sì lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dáhùn ẹ̀sùn àìrí-rà àti ti owó ilẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó kógbá sílé. Àyè tí ó fi sílẹ̀ fi hàn pé ohun tí òǹkàwé nílò ni ọjà tí ó sún mọ́ ọn tí owó rẹ̀ sì ká a, ṣùgbọ́n irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í dúró bí àwọn tí ń nájà níbẹ̀ kò bá tó.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ilé-ìkàwé lè ra àyè ìlò fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ dípò kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ REPRONIG wà, tí ìjọba fọwọ́ sí láti máa gba owó fótókọ́pì àti àdàkọ lórúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti atẹ̀wéjáde. Olùkọ́ tí ìwé rẹ̀ kò sí ní ọjà mọ́ lè yẹ àdéhùn rẹ̀ wò; bí ẹ̀tọ́ bá ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ìwé rà lè kọ̀wé sí atẹ̀wéjáde tàbí òǹkọ̀wé. Atẹ̀wéjáde tí kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń wá ìwé kan kò ní ìdí láti tún un tẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Àlàfo tí olè ìwé ń gbà wọlé ni àìrí-rà, owó tí kò ká ènìyàn, àti àdéhùn tí ń pe yíyá ní rírà. Ọwọ́ atẹ̀wéjáde ni dídí àlàfo yìí wà, àgádágodo kò sì lè bá a dí i. Ṣùgbọ́n àlàfo ara ògiri kò sọ ilé di ti ẹni tí ó gba ibẹ̀ wọlé. Òǹkàwé tí ó lágbára láti rà, tí ìwé sì wà níwájú rẹ̀ fún títà, tí ó yan PDF, kò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ atẹ̀wéjáde bo tirẹ̀.

Fún èdè tí ọjà rẹ̀ tóbi, àárín tí kò gún yìí lè máa bẹ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí pé ìwé tán. Ìwé Yorùbá kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń kọ ọ́ kò pọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ̀ ẹ́ jáde kò pọ̀, olùrà rẹ̀ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ èdè náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Láti inú wọn ni òǹkọ̀wé ọjọ́ iwájú yóò ti jáde, òun náà yóò sì fẹ́ kí ẹnì kan ra ìwé rẹ̀.